Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀bù

Èmi kì í ṣe ojo. Gbogbo abà tó yí Ìyànà Ọ̀fà ká ló mọ̀ pé èmi Ifátóyìn ti fi àdá pa ejò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rí, mo sì ti dúró gbọn-in níwájú màlúù tó wọ oko mi títí ẹni tó ni wọ́n fi wá kó wọn lọ. Àmọ́ ohunkóhun tó bá ti ní ẹ́ńjìnnì, tí ènìyàn ń gùn, tó wá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò wa, àyà mi á já. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ló pa Láyí, àbúrò mi kan ṣoṣo, ní ọdún méjì sẹ́yìn, òun àti ọ̀kadà rẹ̀ àti àpò pákí méjì tó gbé sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń lọ sóko, inú igbó ni mò ń gbà kí n má baà fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Ẹ̀gún ń fà mí láṣọ ya, ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé wọ́n da omi tútù sí mi lára lọ́jọ́ tí Bàbá Tẹniọlá, ọkọ mi, jẹun tán tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ra máṣìn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó dà bí ọ̀kadà, àmọ́ táyà ńlá mẹ́rin ló fi ń rìn, ó ní irin ìgbẹ́rù níwájú àti lẹ́yìn, ó sì ń gun ibi tí mọ́tò ò lè gùn. Lateef tó ń ta ọ̀kadà ní Ìyànà Ọ̀fà ló ní ọ̀kan tó ṣẹ́kù sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ kí kòrónà tó dé. Wọ́n ti ta àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tipẹ́, módẹ́ẹ̀lì tuntun sì ti jáde lé e lórí, òun nìkan ló jókòó síbẹ̀. Lateef fẹ́ gbá a tà kí àyè lè ṣí.

Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, wọ́n ní ìdí. Orúnkún ọ̀tún wọn ti ń kọ iṣẹ́ láti òjò mẹ́ta sẹ́yìn. Òdì kejì odò ni oko wa wà, kò sí mọ́tò tó ń débẹ̀, àwọn aláàárù sì ti bá iṣẹ́ ìlú lọ. Lọ́dún tó kọjá, ìlàjì iṣu wa ló jẹrà sínú àká. Èyí tí ò jẹrà, wọ́n ń fi orí rù ú díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n bá sì fẹ́ yí ara padà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kérora. Mo ń gbọ́, mo kàn ń ṣe bí ẹni tó sùn ni.

Síbẹ̀ mo sọ fún wọn pé orúnkún ò pa ènìyàn rí. Wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Ìyá Tẹniọlá, oko tí mi ò bá lè dé mọ́, ṣé oko mi ṣì ni?"

Mo kàn ń rò ó nínú ara mi pé kí ló dé tí gbogbo ayé rí nǹkan yìí fún ọdún wọ̀nyẹn tí ẹnikẹ́ni ò rà á? Ó dá mi lójú pé ó ti pa ẹnì kan rí. Wọ́n á ti fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nù, wọ́n á ti gbé e padà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n wá ń retí òmùgọ̀. Mo sọ èyí náà jáde. Bàbá Tẹniọlá ní ìyẹn ò le, a ó ní kí Lateef fi ẹnu kan irin.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé Fáwùnmí, ìyẹn ilé ọkọ mi, nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń bọ Ifá náà ni wọ́n ń bọ Ògún, irin tó bá sì ti mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kì í wọlé wọn. Bó jẹ́ àdá lo fẹ́ tà fún wọn, bó jẹ́ ìbọn, bó jẹ́ ẹ̀rọ ìlọpákí, wàá fi ẹnu kan án, wàá sọ pé kò pa ènìyàn rí. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tó bá tún ń yí nǹkan náà wò lẹ́yìn tí ẹnu ti kan irin, ó ti pe Ògún ní òpùrọ́ nìyẹn. Bàbá ọkọ mi kò gbà á fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀ la lọ. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Lateef kún fún páálí àti ògbólógbòó táyà, àárín wọn ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin náà wà, ó pupa, eruku bò ó. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé àga rẹ̀ láti òkè òkun ṣì wà lára rẹ̀. Adìẹ ìyàwó Lateef ti sọ abẹ́ rẹ̀ di ibi tó ń yé sí. Lateef fi àkísà gbọn eruku nù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíà rọ́bà ni, Bàbá, tuntun látinú páálí. Ọjọ́ orí ẹ̀ nìkan ló lọ." Ọmọ dáadáa ni, ẹ̀rín rẹ̀ kàn pọ̀ jù fún mi lọ́jọ́ yẹn.

Bàbá Tẹniọlá sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fún un. Ẹ̀rín Lateef dáwọ́ dúró. Ó ní Mùsùlùmí lòun, kí wọ́n jẹ́ kí òun fi Ọlọ́run búra. Wọ́n ní Ọlọ́run ń gbọ́, àmọ́ kí ẹnu kan irin náà. Inú mi ti ń dùn, mo ti ń ká ìborùn mi mọ́ra pé ó máa kọ̀, a ó sì padà sílé. Lateef wá mí kanlẹ̀. Ó ní alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí bàbá òun ní Erunmu, òun mọ ohun tí Bàbá ń wí. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ máṣìn náà lápò, ó fi kan ètè.

"Kò pa ẹnikẹ́ni rí," ló wí. "Ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ gùn ún rí."

Òótọ́ ló ń sọ. Mo rí i lójú rẹ̀ pé òótọ́ ni, inú sì bí mi pé òótọ́ ni.

Bó ṣe parí lọ́dọ̀ Bàbá Tẹniọlá nìyẹn. Wọn ò bẹ̀rẹ̀ wo nǹkan kan mọ́, wọ́n ní kí wọ́n tì í jáde. Èmi ni mo ní kí wọ́n dúró, ẹyin wà lábẹ́ rẹ̀, kí táyà má lọ fọ́ ẹyin ẹlẹ́yin. Mo bẹ̀rẹ̀, mo na ọwọ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Níbi tí mo ti ń wá ẹyin ni mo ti rí páìpù rọ́bà dúdú kan, tín-ín-rín, tó lọ sí ibi táyà iwájú. Ó ti sán wẹ́wẹ́ bíi gìgísẹ̀ tí ọyẹ́ bù jẹ. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tutù. Mo fi ìka kàn án, ọ́ìlì ni.

Mo mọ páìpù yẹn. Láyí ti fi irú rẹ̀ hàn mí rí lára ọ̀kadà rẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni ọ́ìlì bíréèkì ń gbà, pé tó bá já, ọ̀rọ̀ di ti Ọlọ́run.

Ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo wá rò ó pé bí mo bá sọ ọ́, Lateef á pe mẹkáníìkì, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó kírun Àsárì, Bàbá Tẹniọlá á sì ra máṣìn yìí, wọ́n á máa gbé e sọ̀ kalẹ̀ níbi tí Láyí kú sí lójoojúmọ́ ayé. Bí mo bá sì dákẹ́, yóò dá iṣẹ́ sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù níbí, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, yóò dójú ti Lateef, a ó sì wọ mọ́tò lọ sílé. Mo fi etí ìró mi nu ìka mi. Mo gbé ẹyin náà fún ìyàwó Lateef, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Wọ́n tì í jáde, Lateef rọ epo sí i, Bàbá Tẹniọlá wá gùn ún yí iwájú ṣọ́ọ̀bù po nígbà mẹ́ta. Bíréèkì mú. Ó mú dáadáa! Mo dúró síbẹ̀, mò ń bẹ máṣìn nínú ọkàn mi pé kó bàjẹ́. Bàbá Tẹniọlá dúró, ojú wọn ń dán bí ìgbà tí wọ́n ń fẹ́ mi. Wọ́n ní àwọn ò tíì ní sanwó o, àwọn fẹ́ gbé e dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò ná, kí àwọn lè mọ bó ṣe máa ṣe níbẹ̀. Lateef ní kò burú, òun á fi ọ̀kadà tẹ̀ lé wọn.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò sọ ọ́ nígbà náà. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á bi mí ìgbà tí mo ti mọ̀. Ohun tó dí mi lẹ́nu nìyẹn, ìtìjú lásán. Mo gun ẹ̀yìn ọ̀kadà Lateef, èmi tí mi ò gun ọ̀kadà láti ìgbà tí a ti sin àbúrò mi. Lateef ní kí n má bẹ̀rù, òun ò ní sáré. Mo ní kó sáré. Mo ní kó bá mi lé wọn bá.

A ò lé wọn bá. Nígbà tí a fi máa dé orí òkè, wọ́n ti dé ibi tí ilẹ̀ ti ń dà. Mo pariwo orúkọ wọn, mo ní, "Ẹ dúró! Ẹ sọ̀ kalẹ̀!" Wọ́n yíjú, wọ́n rí mi lẹ́yìn ọ̀kadà, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ̀rù tó máa ń bà mí tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n rò pé ó ń bà mí. Wọ́n juwọ́ sí mi pé kò séwu, wọ́n sì dorí kọ ìsàlẹ̀.

Níbẹ̀rẹ̀, ó rọra ń lọ. Lẹ́yìn náà ó yọ lọ́wọ́ wọn. Mo rí i tí wọ́n ń tẹ bíréèkì, tí wọ́n tún ń tẹ̀ ẹ́, tí máṣìn ò dá wọn lóhùn. Ariwo ẹ́ńjìnnì náà gba gbogbo igbó kan. Ìsàlẹ̀ níbẹ̀ ni òkúta wà, òkúta tí mo mọ̀, tí orí Láyí lọ bá. Mi ò lè dijú, mi ò sì lè wò ó. Kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n já ọwọ́ rẹ̀ sósì, wọ́n kó o sínú oko iṣu ẹni ẹlẹ́ni. Ó gun ebè àkọ́kọ́, ó gun èkejì, nígbà tó dórí ẹ̀kẹta, ó dojú dé. Ariwo náà dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo sáré. Mo gba ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà kọjá láìmọ̀. Àárín ewé iṣu ni mo ti bá wọn, wọ́n jókòó, fìlà wọn ò sí lórí, ẹ̀jẹ̀ ń kán díẹ̀ níwájú orí wọn. Wọ́n ń wo ọwọ́ wọn méjèèjì bí ẹni tó ń kà á bóyá ó pé. Mo wó lulẹ̀ níwájú wọn, mo di ẹsẹ̀ wọn mú, mo sunkún bí ọmọdé.

Wọ́n fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Wọ́n sọ fún Lateef tó dé tó ń mí hẹlẹ pé kó wò mí. "Obìnrin yìí sọ," ni wọ́n wí. "Gbogbo ìgbà ló ń sọ fún mi, etí mi ni ò gbọ́."

Lateef yẹ máṣìn náà wò níbi tó dojú dé sí, ó rí páìpù tó já. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó ní jíjókòó tó jókòó pẹ́ ló mú kí rọ́bà rẹ̀ gbó, òun ò mọ̀, Ọlọ́run ló rí òun. Bàbá Tẹniọlá ní kó dákẹ́. Wọ́n ní irin ti la ẹnu fún ẹ̀jẹ̀ lónìí, kò sì mu ún tán, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ àwọn ló tọ́ wò yìí. Nílé bàbá àwọn, kò sẹ́ni tó ń kúrò níbi tí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀, àfi kí gbogbo ẹni tó wà nídìí irin náà láti àárọ̀ fi ẹnu kàn án, kí wọ́n sọ pé ọwọ́ àwọn mọ́. Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́, wọ́n fi kan ètè ara wọn, wọ́n ní àwọn ò mọ ohunkóhun. Lateef gbà á, omijé ń bọ́ sórí rẹ̀, òun náà ní òun ò mọ ohunkóhun.

Wọ́n wá na kọ́kọ́rọ́ náà sí mi. Ohùn wọn rọ̀, mi ò gbọ́ kí wọ́n fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ láti bí ọdún wo.

"Gbà, Ìyá Tẹniọlá. Àṣà lásán ni tìrẹ. Ìwọ lo mọ̀ ju gbogbo wa lọ."

Mo gbà á, ó ti gbóná lọ́wọ́ wọn. Mo gbé e dé ètè, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Mo tún gbé e. Mo ti gbé pẹ̀lú ọkùnrin yìí fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, wọn ò fura sí mi rí lójú ayé mi, ìyẹn sì bà mí lẹ́rù ju Ògún lọ.

"Mo rí i," ni mo wí.

Wọ́n ní kí ni mo rí. Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo wo ìró mi, àbààwọ́n ọ́ìlì náà ṣì wà níbi tí mo ti nu ìka mi. Mo fa etí ìró náà sókè, mo nà án sí wọn kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí i.