Abẹ́rẹ́ Tí Ọmọ Sabina Kò Gbà

"Ó ti dé o," ni ọkùnrin kẹ́mísì tó wà ní Onípánù wí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. "Fítámì K tí ẹ̀ ń bèèrè. Ẹ wá gbé e."

Hadassah dúpẹ́, ó sì rọra gbé fóònù sílẹ̀. Ọmọ Sabina ti kú lọ́jọ́ Ajé. Ìwọ́ rẹ̀ ló ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ náà kò dá títí ẹ̀mí fi bọ́. Ọjọ́ mẹ́fà péré ló lò láyé.

Láti àná, Hadassah kò lè wẹ ìkókó kan nílé ìgbẹ̀bí tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ladi-Lak kó má tú aṣọ ìdí rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí tó bá sì sunkún nínú wọn, ohùn ẹni tó ti lọ ló ń gbọ́.

Lọ́jọ́ tí Sabina bímọ síbẹ̀, abẹ́rẹ́ Fítámì K tí wọ́n ń gún fún ọmọ tuntun ti tán. Màmá Oyèbísí ló ni ilé ìgbẹ̀bí náà. Òun ló kọ́ Hadassah níṣẹ́, òun ló sì fún un ní yàrá tó ń sùn. Màmá ní kó máàkì káàdì pé wọ́n ti fún ọmọ, pé ọmọ á gbà á tó bá di ọjọ́ kẹjọ. Hadassah sì máàkì í.

Lọ́sàn-án ni Sabina wọlé, ó fi ọ̀já di ọmú mọ́ àyà. "Ìyá ìkókó" ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu Hadassah kó tó gbé e mì. Sabina ní ìyá ọkọ òun ti ń kó ẹrù òun síta, ó ń fẹ̀sùn kan òun pé òun fi aṣọ gbígbóná tẹ ìwọ́ ọmọ jù, pé kí òun padà sí etí òkun tí òun ti wá, ẹja nìkan ni òun mọ̀ ọ́n tọ́jú.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọwọ́ mi le jù ni?"

Màmá Oyèbísí wúkọ́ láti yàrá kejì. Ikọ́ ìkìlọ̀ ni.

"Ọwọ́ yín kọ́," ni Hadassah wí. "Ohun kan wà nínú ẹ̀dọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dì, àmọ́ kò lè dá a ṣe. Ó dà bíi bíríkìlà, fítámì kan tí wọ́n ń pè ní K sì ni lébìrà tó ń gbé kọnkéré fún un. Bí lébìrà ò bá wá, bíríkìlà á kàn dúró ni. Ọmọ tuntun kì í ní in tó. Ìdí nìyẹn tá a fi ń gún wọn lábẹ́rẹ́."

"Ṣebí ẹ gún un. Ó wà nínú káàdì."

Hadassah jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì.

"Mi ò gún un. Kò sí nílẹ̀, mo sì kọ ọ́ pé mo gún un. Ẹ jẹ́ ká lọ. Màá sọ ọ́ lójú ìyá ọkọ yín."