Àlejò Ti Jókòó

Màámi ló jókòó sí yàrá ìfètò-sọ́mọ-bíbí, wọ́n wọ aṣọ nọ́ọ̀sì funfun. Kẹrosíìnì ni wọ́n tà títí ọjọ́ tí ìrọbí àbíkẹ́yìn wọn fi gbẹ̀mí wọn, ṣùgbọ́n kò yà mí lẹ́nu. Òórùn kẹrosíìnì ṣì wà lára aṣọ náà. Wọ́n na ọ̀pá tín-ínrín kan sí mi, irú èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá kí obìnrin má lóyún fún ọdún mélòó kan. Wọ́n ní, "Mú apá wá."

Mo ní, "Màámi, Bàbá Fìmídára á fọwọ́ kàn án, á bi mí."

"Gba abẹ́rẹ́ nígbà náà."

Mo ní àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ló kún orí bẹ́ǹṣì níta, wọ́n á rí mi. "Ẹ jẹ́ kí n sáré dé kẹ́mísì, mò ń bọ̀."

Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún mi nígbà ìbí tó kẹ́yìn ti kìlọ̀ pé oyún mìíràn lè pa mí. Mi ò gbàgbé. Ojú ayé ni mo ń wò.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná mi ni kẹ́mísì wà. Mo ra oògùn pàjáwìrì, èyí tí obìnrin ń lò lẹ́yìn tó bá ti sún mọ́ ọkọ rẹ̀ tán. Èèyàn á gbé e mì, kò sẹ́ni tó máa rí i. Mo padà, yàrá Màámi ti di ojúlé kejì. Mo tún lọ, mo tún bọ̀. Bí mo bá ti ń dé, yàrá náà á ti sún sẹ́yìn, irun Màámi á sì ti funfun sí i. Wọn ò bínú. Wọ́n á ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, wọ́n á tún na ọ̀pá náà sí mi. Ó dùn mí pé mi ò na apá.

Nígbà tó yá, oògùn náà kọ̀, kò wọ ọ̀fun mi. Ó jókòó sórí ahọ́n mi, ó ń mí hẹlẹ.

Ó ní, "Màmá Fìmí, ẹ má bínú. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dí kí àlejò má wọlé. Èyí ti wọlé, ó ti jókòó. Mi ò lè lé e."

Mo sáré padà, mo ti na apá kí n tó dé ọ̀dọ̀ Màámi. Kò sí ọ̀pá lọ́wọ́ wọn mọ́. Aṣọ nọ́ọ̀sì ti di ìró àti bùbá tí a fi sin wọ́n. Ọ̀já tí wọ́n rà sílẹ̀ fún àbúrò mi, tí òun àti Màámi jọ lọ, ló wà lọ́wọ́ wọn. Tuntun ni.

Wọ́n ní, "Ẹ̀pa ò bóró mọ́, ọmọ mi. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé nǹkan kan sí mi lẹ́yìn, ó gbóná, ó fúyẹ́. Bí wọ́n ṣe ń so ọ̀já náà mọ́ mi láyà ni wọ́n ń sunkún. Mo ní kí wọ́n dárí jì mí.

Mo jí nírọ̀lẹ́ lórí àga pálọ̀. Mo tẹ̀ síwájú, ọwọ́ mi méjèèjì wà lẹ́yìn, mo rọra ń gbá nǹkan pẹ́pẹ́. Fìmídára, ọmọ mi àgbà, ti ti ilé ìwé dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó ń wò mí.

Ó ní, "Mọ́mì, ta lẹ pọ̀n?"