Ẹni Tó Jẹ́ Orúkọ Ṣẹ̀hìndèmí

Bí ẹnìkan bá sọ fún Ṣẹ̀hìndèmí tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn lè jẹ gbèsè owó tí kò yá, irọ́ ni ìbá pè é. Ojú rẹ̀ ti wá rí i báyìí. Owó tí kò fojú kàn ni wọ́n yá lórúkọ rẹ̀ ní kéèsì ayánilówó kan ní Kétu, níbi tí àwọn obìnrin onígààrí Idigny ti máa ń yáwó lẹ́gbẹ́ẹgbẹ́ ra ẹ̀gẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ti ẹgbẹ́ ṣe ń rí: gbogbo wọn ló ń dúró fún ara wọn. Bí ẹnìkan bá jẹ tí kò san, kò sẹ́ni tí yóò rí fàráǹ kan gbà. Ẹ̀gẹ́ ti ń jáde lóko, owó kò jáde, àwọn tí wọ́n jọ ń yan gààrí bá bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún un lọ́nà. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ náà kò bá yanjú lónìí, àwọn yóò yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́.

Ìyẹn ló gbé e dé iwájú Fidèle, olórí kéèsì. Màmá Ghislaine, olórí ẹgbẹ́, jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún Ṣẹ̀hìndèmí, ó lejú koko. Lọ́wọ́ òsì ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin wà, ẹni tó máa ń pè ní Eyínfúnjowó. Nínú gbogbo ilé ọkọ, òun nìkan ló dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Òun ló fi alùpùpù rẹ̀ gbé e wá, tó ń tù ú nínú lọ́nà pé, "Ìyàwó, má sunkún mọ́. Ẹni tó ṣe é, Ọlọ́run á mú un."

"Orí fóònù pọ̀tábù ni wọ́n ti yá a," Fidèle ní. Ọmọ Fọ̀n ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èdè wa yéké. "Ẹni náà fi àwòrán káàtì ìdánimọ̀ yín ránṣẹ́. A pè é, a bi í ní ìbéèrè, a sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ."

Ohùn obìnrin kan jáde, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn. Orúkọ? Ṣẹ̀hìndèmí. Iṣẹ́? Gààrí yíyan. Ó ṣe Ṣẹ̀hìndèmí bí ẹni tó rí aṣọ ara rẹ̀ lọ́rùn ẹlòmíràn. Fidèle sì ń wò ó pé ṣé ìwọ kọ́ nìyẹn. Ohùn lásán, ta ni yóò búra pé kì í ṣe tirẹ̀?

"Bí a kò bá rí yín, ta ni ká pè nílé ọkọ yín?" ni oníkéèsì bi í nínú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ náà.

"Ẹ pe Séidou, àbúrò... àbúrò ọkọ mi."

Màmá Ghislaine gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ dá a dúró. Séidou kẹ̀? Ìyàwó wo ní Idigny ló ń pe ọmọ ilé lórúkọ? Ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́ ló bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni. Ṣẹ̀hìndèmí, kí lo ń pe ọmọ yẹn?"

"Akọ̀wé ni, ìyá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Fidèle, ṣé ẹ rántí owó tó kọ́kọ́ yá, tó sì san tán?"

Fidèle rẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀. Báwo ni yóò ṣe gbàgbé? Orúkọ tí Ṣẹ̀hìndèmí fi sílẹ̀ nígbà náà ni Akọ̀wé, Fidèle sì wá Mìsíọ̀ Akọ̀wé káàkiri Idigny títí ó fi rẹ̀ ẹ́, kí wọ́n tó wá júwe Séidou fún un, Séidou tó ń tún alùpùpù ṣe, tí kò mọ ìwé kà rárá.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Ó dáa, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹni tí wọ́n bí sílé yẹn ni. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi àṣà pa gbèsè rẹ́. Àfi kẹ́ ẹ fi ẹnìkan sùn, kí n kọ orúkọ rẹ̀ síbi tí tiyín wà. Nígbà náà ni tiyín á tó mọ́, tí ẹ ó tún lè yáwó. Ṣé ẹ mọ ohùn yẹn?"

Ó mọ̀ ọ́n. Láti ibi tí ohùn náà ti kọsẹ̀ lórí "àbúrò" ló ti mọ̀ ọ́n. Ta ló bá a di báàgì mú, tòun ti káàtì nínú rẹ̀, lọ́jọ́ tó ń rọbí? Lọ́wọ́ òsì rẹ̀, Eyínfúnjowó ti fa kọ́kọ́rọ́ alùpùpù rẹ̀ yọ. Bó bá sọ ọ́, ojú wo ni yóò fi wọlé ọkọ? Wọ́n á ní ó tú ilé ká. Bí kò bá sì sọ ọ́, ajẹgbèsè ni yóò máa jẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ náà á sì bá a pín nínú ẹ̀sín rẹ̀. Ẹnu gan-an kò fẹ́ gbé e. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fomi ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé yẹn, orúkọ náà kò tíì gba orí ahọ́n rẹ̀ kọjá.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," Eyínfúnjowó ní, ó ti ń dìde. "Ìyàwó, ọ̀rọ̀ ilé ni. Ilé la ó ti parí rẹ̀."

"Falilatou," Ṣẹ̀hìndèmí wí.

"Hẹ̀n?" Eyínfúnjowó ti dáhùn kó tó mọ̀. Fidèle fa ìwé sọ́dọ̀, ó mú gègé.

Ẹ wá wo nǹkan. Obìnrin yìí kò sẹ́, kò bẹ̀bẹ̀. Ṣe ni ojú rẹ̀ pọ́n, àfi bíi pé òun gan-an ni wọ́n jà lólè. "Ìyàwó, èmi lo lanu pè lórúkọ?"

Ṣẹ̀hìndèmí kúnlẹ̀, nítorí ọkọ rẹ̀ ni.

"Ẹ má bínú, ọkọ mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jẹ́ tèmi."