Tẹ́rà Mẹ́fà Tí Wọ́n Ní Mo Kó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, mo bẹ̀ yín: bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé dísíìkì láti ẹnu géètì wọ yàrá, ẹ ní ẹ̀yìn ń dùn yín. Ẹ má gbé e. Èmi gbé e.

Èmi ni mo ń ṣí ilẹ̀kùn nílé iṣẹ́ wa, èmi náà ni mo ń tì í, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè mí ní Bàbá Kọ́kọ́rọ́. Fídíò la ń bá àwọn èèyàn tọ́jú. Inú sáfà ni wọ́n ń kó o sí, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń kùn bí oyin nínú yàrá tútù. Sáfà wá kún. Fídíò ò wọlé mọ́. Ni Ọ̀gá bá ra dísíìkì tuntun, àpótí kékeré tí fídíò ń wọ̀ sí nínú sáfà. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí rẹ̀: tẹ́rà mẹ́jọ. Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ tẹ́rà. Mo kàn rí i pé mẹ́jọ ni.

Àǹtí Ẹ̀rọ, ọmọbìnrin tó ń bá wa tún sáfà ṣe, ki dísíìkì náà bọ̀ ọ́. Ó da gbogbo ohun tó wà nínú ti àtijọ́ sínú ti tuntun bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ó sì lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Ọ̀gá wá yọjú wo kọ̀ǹpútà. Ó wò ó. Ó wò mí.

"Bàbá Kọ́kọ́rọ́, mẹ́jọ ni mo rà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Méjì ni mò ń rí níbí. Ta ló gbé e wọlé?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Èmi... èmi náà ni, sà."

"Ẹ ṣeun. Mẹ́fà dà?"

Ẹ̀rù ni, ẹ má dá mi lẹ́bi. Àbíkẹ́yìn mi ṣì wà nílé ìwé. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, ta ló máa gbà mí lọ́jọ́ orí mi yìí? Mo fẹ́ sọ pé mi ò mọ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni: "Ẹ má bínú, sà. Màá dá a padà lọ́la."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Nígbà tí mo délé, ìyá àwọn ọmọ mi gbọ́ ọ, ó gbé àwo tó ń fọ̀ sílẹ̀.

"Ṣé ẹ kó o ni?"

"Rárá o."

"Kí ni tẹ́rà ọ̀hún?"

"Mi ò mọ̀."

"Ohun tí ẹ ò kó, tí ẹ ò mọ̀, lẹ fẹ́ dá padà lọ́la? Orí yín pé ṣá?"

Síbẹ̀, mo rí i tó ń gbọn àpò ṣòkòtò mi wò.

Lọ́jọ́ kejì, mo yọ́ wọlé bí ológbò tó jí ẹran jẹ. Mo sọ fún Àǹtí Ẹ̀rọ pé mẹ́fà sọnù. Ti ìlérí tí mo ṣe, mi ò dárúkọ ẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, kò sẹ́ni tó kó nǹkan kan. Tẹ́rà ni wọ́n fi ń wọn àyè inú dísíìkì. Ọ̀nà tí wọ́n fi pín àyè inú ti àtijọ́ ló bá fídíò wọ inú tuntun yìí, ọ̀nà náà ò sì lè kà kọjá méjì. Ẹ gbé ẹyin mẹ́jọ síwájú ọmọ tí kò mọ̀ ju ení, èjì lọ. Kí ló máa kà? Mẹ́fà wà níbẹ̀, kò mọ̀ ọ́n kà ni. Èmi ló yẹ kí n ti yí i padà."

Ó pa pínpín àtijọ́ rẹ́, ó fi ọ̀nà tuntun tún un pín, ó sì da fídíò padà sínú rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, mẹ́jọ yọ gedegbe lójú kọ̀ǹpútà. Ijó ló kù tí mi ò jó. Àfi bí Ọ̀gá ṣe wọlé.

"Háà! Wọ́n mà dá a padà lóòótọ́!"

"Wọn ò kó o, sà," Àǹtí Ẹ̀rọ dáhùn. "Bí mo ṣe pín in ni—"

"Àǹtí, má gbè wọ́n. Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi jẹ́wọ́ fún mi."

Àǹtí Ẹ̀rọ yíjú sí mi. "Bàbá! Ẹ jẹ́wọ́ kẹ̀?"

Ọ̀gá dì mọ́ mi. "Mi ò ní lé yín. Olè tó ń dá nǹkan padà ṣọ̀wọ́n. Òótọ́ kan ni kí ẹ sọ fún mi, kí ọ̀rọ̀ tán: ibo lẹ kó mẹ́fà sí mọ́jú?"

Bí mo bá ní mi ò kó o, mo di òpùrọ́, iṣẹ́ lọ. Bí mo bá ní mo kó o, ibo ni kí n ní mo kó o sí? Abẹ́ ibùsùn? Mo wo Àǹtí Ẹ̀rọ. Ó ti kọjú sógiri, ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀.

"Sà," mo ní, "mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́."