Gìtá Kẹrin

Bí ìjọ kan bá wà ní Ayétòrò tí ó ṣòro láti tẹ́ lọ́rùn ju ìjọ Caleb lọ, kí wọ́n fi hàn wá. Gìtá lásán ni wọ́n fẹ́ rà o, wọ́n ní àwọn kò ní fi ojú yàn án, nítorí ojú fẹ́ràn ohun tó ń dán jù. Àwọn àgbà márùn-ún yóò kọjú sí ògiri, Caleb yóò máa ta gìtá lẹ́yìn wọn, kálukú yóò sì kọ nọ́ńbà èyí tó wù ú sínú ìwé pélébé.

Ṣùgbọ́n gìtá nìkan kọ́ ni wọ́n fẹ́ yàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Caleb sì mọ̀. Ọdẹkúnlé, onígìtá ìjọ tó kọ́ ọ ní gìtá, ti kú ní ọdún kan àbọ̀ sẹ́yìn, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ti sin gìtá ìjọ mọ́ ọn láì bi ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà ni Caleb, olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti ń retí kí wọ́n fi òun sí àyè rẹ̀. Kò sí ohun tó fẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bàbá Fágbénró, olórí àwọn àgbà, sì ti sọ ọ́ gbangba pé bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá wu àwọn lónìí, ẹlòmíràn ni àwọn yóò mú wá láti Ìlaró.

Gìtá mẹ́ta ni ọlọ́jà kan yá wọn, kì í ṣe gbàǹjo, kì í sì í ṣe ti àwọn olówó ńlá. Okùn ti àkọ́kọ́ ga lórí ọrùn, ó ń gé Caleb níka, ohùn rẹ̀ sì ń ta bí ìgbà tí wọ́n ń fi ṣíbí lu abọ́ páànù. Èkejì rọ̀ lábẹ́ ìka, ó rọrùn láti dì mú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti ń kú kí ó tó dé etí. Ẹ̀kẹta, tí wọ́n gbé gba ẹnubodè Tube wọlé láti Kútọnu, ni Caleb fẹ́ràn. Igi rẹ̀ fúyẹ́, okùn rẹ̀ tó nípọn ń dún ketekete, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ kò sì pariwo jù. Orin kan náà ló ta lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó gbé e kalẹ̀, ó ń nu òógùn ọwọ́ rẹ̀.

Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó kọ̀wé. Màmá Jemima, olórí akọrin, tilẹ̀ ń mi orí díẹ̀díẹ̀, Caleb sì rò pé àdúrà ló ń gbà.

Nígbà tí Bàbá Fágbénró gba ìwé pélébé náà jọ tó sì kà wọ́n, nọ́ńbà kan náà ló wà nínú máràrùn-ún: mẹ́rin.

Caleb rẹ́rìn-ín. Ó rò pé wọ́n ń bá òun ṣàwàdà, àwọn tí kò ṣàwàdà rí. Ó ní mẹ́ta ni gìtá, kí wọ́n yíjú wò ó. Kò sẹ́ni tó yíjú. Bàbá Fágbénró ní àwọn kò wá ka gìtá, àwọn wá gbọ́ ọ ni.

Màmá Jemima kò kúrò níwájú ògiri. "Caleb, ọdún kan àbọ̀ rèé tí a ti gbọ́ irú èyí gbẹ̀yìn," ló wí. "Bí o ṣe fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn díẹ̀ kí o tó bọ́ sínú orin. O ò ta á bẹ́ẹ̀ fún wa rí. Tún un ta."

Ẹ̀rù ba Caleb. Ọdẹkúnlé nìkan ló ń fa okùn bẹ́ẹ̀. Òun ti gbìyànjú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ọwọ́ òun kọ̀. Ó yẹ kí ó sọ pé òun kọ́ ni wọ́n gbọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé ẹnu rẹ̀. Ó wá rántí ẹni tí wọ́n máa mú wá láti Ìlaró, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó jókòó láàárín gìtá mẹ́ta tó wà nílẹ̀, ó gbé ọwọ́ òfìfo lé itan, ó ń dúró.

Orin náà bẹ̀rẹ̀. Kò wá láti ilẹ̀. Àyà Caleb gan-an ló ti ń dún, níbi tí èèyàn máa ń gbé gìtá sí, ó sì ń gbọ́ bí igi ṣe ń gbọ̀n mọ́ egungun ìhà rẹ̀, igi náà sì tutù bí erùpẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Ó dùn. Ó dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù ń bà á.

Orin parí. Bàbá Fágbénró ń nu ojú rẹ̀ níwájú ògiri.

"Ìwọ náà ni, Caleb," ló wí. "Láti Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí o ṣe ta á yìí ni kí o máa ta á. A ò gba òmíràn."

"Ẹ ṣé, sà," ni Caleb wí. Ó fẹ́ dìde kí ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n gìtá tí ojú kò rí, tó wà lórí itan rẹ̀, wúwo, kò sì jẹ́ kí ó dìde.