Ọ̀pá Kasuba Kò Dún

Láti ìgbà tí Kasuba ti ń fi ẹyẹ han àlejò nínú àbàtà Bangweulu, iwájú ọkọ̀ ló máa ń jókòó sí. Ìyàwó rẹ̀, Nkandu, á dúró lẹ́yìn, á máa fi ọ̀pá ti ọkọ̀ láàárín koríko odò. Ẹni tó dúró lẹ́yìn ló máa ń kọ́kọ́ rí ẹyẹ, gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn ènìyàn a máa lé ẹyẹ, nítorí náà ọ̀pá la fi ń sọ̀rọ̀: bó bá kan ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, òsì ni; bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀tún ni. Nkandu á kan ọ̀pá, Kasuba á nàka, àlejò á yin Kasuba. Kasuba kò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Àfi lọ́dún yìí tí Kasuba lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí Nkandu bá jókòó síwájú, tí àbúrò rẹ̀ ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀. Àwọn àlejò padà dé, ẹnu wọn kò sinmi. Wọ́n ní bí obìnrin yìí bá ti gbọ́ ohùn àwọn ẹyẹ wẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sá kiri létí omi, á ti dárúkọ wọn kí ẹnikẹ́ni tó rí wọn! Bàbá Mupeta, ọ̀gá àgọ́ àlejò, bá pe tọkọtaya náà. Ó ní kí wọ́n pààrọ̀ ipò. Bí Nkandu bá lè fi Ẹlẹ́nu-bàtà, ẹyẹ ńlá eléérú tí àlejò ń torí rẹ̀ sọdá òkun, han àwọn tó ń bọ̀, òun ni yóò máa jókòó síwájú títí omi yóò fi fà. Bí kò bá rí i, kí Kasuba padà sáyè rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé àwọn àlejò náà jáde, Kasuba di òkèlè ubwali, ọkà àgbàdo, mú, kò fi kan ọbẹ̀ ẹja.

"Ìyá Chola, o ti dọ̀gá," ló wí fún ìyàwó rẹ̀.

"Ọ̀gá wo? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́ mi lórúkọ wọn ni?"

"Mo kọ́ ọ lórúkọ ẹyẹ. Mi ò ní kó o wá gba ìjókòó mi."

Nkandu rò pé àwàdà ni, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹun jàre, Bàbá Chola. Òjòwú kì í lẹ́ran láyà."

Owú ni lóòótọ́, ẹ má jẹ́ ká fún un lórúkọ mìíràn. Nígbà tí wọ́n wọ odò, Kasuba dúró lẹ́yìn ọkọ̀. Ó rí ẹyẹ òfú, ó kan ọ̀pá. Ó rí ẹyẹ agùfọn méjì tó ń jó, ó kan ọ̀pá. Gbogbo ìgbà tí àwọn àlejò bá ti ń yin Nkandu ni inú rẹ̀ ń ta bí ojú egbò. Nígbà tó yá, obìnrin kan nínú wọn bọ́ awò tó fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ó fi kọ́ Nkandu lọ́rùn. Láti ọjọ́ tí Kasuba ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó fi nǹkan kọ́ ọ lọ́rùn rí.

Ibẹ̀ ló ti rí Ẹlẹ́nu-bàtà. Ọwọ́ ọ̀tún ni, ó dúró ṣinṣin bí ère. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni kó kan ọ̀pá. Kasuba kò kàn án. Ó ti ọkọ̀ kọjá. Ẹyẹ náà na ìyẹ́, ó fò wọ inú koríko lọ, kò sì sẹ́lòmíràn tó bojú wẹ̀yìn.

Oòrùn kan àtàrí. Àwọn àlejò ń mí kanlẹ̀.

"Àbí a ti kọjá rẹ̀ láìmọ̀ ni?" ni ọ̀kan nínú wọn bi Nkandu.

Nkandu mirí. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn wò. "Kò lè ṣẹlẹ̀. Ọkọ mi ló wà lẹ́yìn. Ká ní ẹyẹ yẹn wà níbì kankan ni, ọ̀pá rẹ̀ ì bá ti dún. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tanni jẹ. Èmi ni mo yan ọ̀nà tí kò dáa, ẹ má bínú."

Ó bọ́ awò náà lọ́rùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún ẹni tó ni ín.

"Bàbá Chola, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé," ló wí. "Ó ti rẹ̀ yín jù."

Kasuba yí ọkọ̀ padà sílé. Ìjókòó iwájú ti padà di tirẹ̀. Ó ń ti ọkọ̀ lọ, ojú ń tì í láti wo ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn náà ló wà níwájú rẹ̀ títí wọ́n fi gúnlẹ̀.