Wọ́n Fẹ́ Hú Òkú Àtinúkẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn ọmọ ìjọ ṣe fẹ́ràn òkú wọn tó ní Adó láyé ọjọ́un, kí ó kàn lọ sí itẹ́ òkú àtijọ́ tó wà lẹ́yìn odò, níbi tí wọ́n sin àwọn tó kọ́kọ́ gbàgbọ́ sí. Kí ó di imú mú o. Ibẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń da ilẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣu sí. Ẹlẹ́dẹ̀ ń fi imú túlẹ̀ lórí ibojì àwọn àgbà oníwàásù, ewéko sì ti bo àgbélébùú wọn mọ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn kan náà yìí ló máa ń sunkún nínú ṣọ́ọ̀ṣì bí wọ́n bá ti ń ka orúkọ àwọn tó ti sùn nínú Olúwa. Ẹkún ẹnu lásán ni.

Monínúọlá nìkan ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sinmi. Tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké ni nílé-ìwé ìjọ, ìyá rẹ̀, Àtinúkẹ́, sì wà níbẹ̀. Àtinúkẹ́ ló kọ́kọ́ gbàgbọ́ nínú agbo ilé wọn. Nígbà tó ń kú lọ, ó ní kí wọ́n má ṣe sin òun sínú ilé bí wọ́n ti ń sin òkú yòókù, kí wọ́n gbé òun lọ sọ́dọ̀ àwọn ará òun. Ohun tó gbà lọ́wọ́ àwọn ará ọ̀hún ni ìgbẹ́. Bí Monínúọlá bá lọ ro orí ibojì náà, yóò kọ́kọ́ fi ewé kó ohun tí wọ́n ṣu síbẹ̀ dànù, yóò tutọ́ títí itọ́ yóò fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Àìmọye ìgbà ló bẹ ìjọ pé kí wọ́n jáde lọ ṣán ibẹ̀. Bámgbóyè, Bàbá Ìjọ, ni kì í gbà. Á ní ọ̀rọ̀ àwọn alààyè ló kàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí ìròyìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í jà láti Ọjà Ọba títí dé Igbemo pé iwin ń rìn ní itẹ́ òkú. Wọ́n ní obìnrin ni, pé aṣọ funfun ló wọ̀, pé kò ní imú, pé ó ń kérora. Ọkùnrin kan tó lọ ṣu síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ rí i, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ láìnùdí. Ẹlòmíràn rí àwo ẹ̀kọ lórí ibojì Àtinúkẹ́. Kíá, wọ́n ti dájọ́. Wọ́n ní Àtinúkẹ́ ni, ebi ló ń pa á, nítorí pé kò jẹ́ kí wọ́n sin òun sílé níbi tí àwọn ọmọ rẹ̀ ì bá ti máa bọ ọ́.

Pásítọ̀ lọ sí ìrìn-àjò, n ni Bámgbóyè bá pe ìpàdé.

Ó ní, "Ohun tí àwọn baba wa máa ń ṣe sí òkú tí kò sinmi, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. A ó hú u, a ó sun egungun rẹ̀, ọ̀rọ̀ tán."

Inú Monínúọlá ru. "Bàbá Ìjọ, ọwọ́ tí ẹ fi ń gbé oúnjẹ Olúwa náà lẹ fẹ́ fi hú ìyá mi?"

"Monínúọlá, ìyá tèmi náà wà níbẹ̀. Tèmi kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ rí i ná. Bí mo bá fi ojú ara mi rí i pé ìyá mi ni, èmi gan-an ni n ó kọ́kọ́ ki ọkọ́ bọlẹ̀."

Ìjọ pariwo pé ọ̀rọ̀ náà dára. Bámgbóyè kò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò rí i sọ. Ó kàn ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun yóò wá ọdẹ, torí pé ìbọn ni iwin ń gbọ́, kì í gbọ́ àdúrà. Ó lọ mú Olúgbádé wá láti Igbemo, ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí ìrun kan kọjá òun.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n lọ, oòrùn kò tíì wọ̀. Àwọn kan gbé ọkọ́, àwọn kan gbé agolo kẹrosíìnì, wọ́n ń kọrin ẹ̀mí jẹ́jẹ́. Nígbà tí òórùn ibẹ̀ pàdé wọn, orin kú. Òkú adìyẹ wà níbẹ̀ tí ìdin ń yí nínú rẹ̀, ẹ̀kọ tó ti bu wà níbẹ̀, àkísà ọmọ jòjòló náà wà níbẹ̀. Monínúọlá tẹ nǹkan rírọ̀ kan, kò sì wo ohun tó jẹ́.

Olúgbádé ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. "Bàbá Ìjọ, ṣé ulé tí ẹ kọ́ fún òkú yín nìyí? Ajá mi kò ní sùn níbí."

Ojú ti Monínúọlá débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú sí ọkùnrin náà. Wọ́n lúgọ sẹ́yìn igi kan. Kò pẹ́, ewé mì, nǹkan funfun kan sì yọ láti inú igbó. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀, ó dé ibojì Àtinúkẹ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fọwọ́ wá nǹkan kiri lórí erùpẹ̀. Ọwọ́ náà kò ní ìka.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" ni ẹnì kan ké. Agolo kẹrosíìnì bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

"Yìn ín!" Bámgbóyè ń ti Olúgbádé léjìká. "Kí lò ń wò? Yìn ín!"

Olúgbádé gbé ìbọn sójú. Monínúọlá ń bi ara rẹ̀ léèrè. Ṣé òun yóò rí ikú ìyá òun lẹ́ẹ̀kejì ni? Afẹ́fẹ́ wá fẹ́ láti ibojì, ó gbé òórùn wá, òórùn egbò tí kò jinná. Monínúọlá rí eṣinṣin. Wọ́n bo ẹsẹ̀ nǹkan náà pátápátá, bó bá gbé ẹsẹ̀, wọ́n á fò, wọ́n á tún bà.

Eṣinṣin kì í tẹ̀lé iwin.

"Ènìyàn ni!" Ó fò síwájú ìbọn. "Olúgbádé, ènìyàn ni!"

Aṣọ funfun náà dúró. Ó yíjú sí wọn, ojú tí ẹ̀tẹ̀ ti jẹ imú rẹ̀ tán. "Bámgbóyè? Ohùn rẹ kọ́ nìyẹn? Kí ló dé tí o kò gbé oúnjẹ wá mọ́? Ebi fẹ́ pa mí kú nínú ugbó."

Kò sí ẹni tí kò mọ ohùn náà. Ìyá Bámgbóyè ni, tí gbogbo wọn fi orin sin síbẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn. Àṣé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wà nínú pósí tí wọ́n sunkún lé lórí. Ọmọ Bámgbóyè, Adéfúnkẹ́, ti tó ilé ọkọ, kò sì sí àna tí í fẹ́ ọmọ láìwádìí bóyá ẹ̀tẹ̀ wà nídìí ìran rẹ̀. Bámgbóyè fi àrùn náà pamọ́ sẹ́yìn ìgbẹ́, ó kọ́ ahéré sínú igbó níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé, kò sì jẹ́ kí ìjọ ṣán an. Nígbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó sún mọ́lé, ó dẹ́kun àtigbé oúnjẹ tó máa ń fi sórí ibojì Àtinúkẹ́ wá.

Monínúọlá wò ó. Kò tíì rí ohun tó rùn tó ọkùnrin yìí nínú gbogbo itẹ́ òkú náà. "Bàbá Ìjọ, ìyá yín ń pè yín."

"Ẹ má dá a lóhùn. Òkú ni." Ohùn Bámgbóyè kò tilẹ̀ gbọ̀n. "Ìyá mi ti kú. Mo sin ín. Gbogbo yín lẹ jẹ ẹran ìsìnkú rẹ̀. Ta ni kò jẹ níbẹ̀?"

Wọ́n jẹ. Monínúọlá náà jẹ, ó tún gba ti ọmọ dání lọ sílé. Ọkùnrin kan gbé ọkọ́ rẹ̀ lé èjìká, ó kùn pé, "Òótọ́ ni, a kúkú sin ín." Ẹnì kejì mi orí sí i. Kò sí ẹni tó dárúkọ Àtinúkẹ́ mọ́, kò sì sí ẹni tó wo ojú obìnrin náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọra yí padà sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Olúgbádé sọ ìbọn kalẹ̀, ó tutọ́ sẹ́bàá bàtà Bámgbóyè.

Ìyá arúgbó náà fi ọwọ́ tí kò ní ìka ti ara rẹ̀ dìde.

"Ẹran kí ló pa?" Ó bèèrè bí ẹni tó pẹ́ dé ibi àsè.

"Màlúù ni, ìyá," ni Monínúọlá wí.

"Màlúù!" Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Bámgbóyè, o kò sì bù fún mi."